Aṣọ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìlọrà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń se omi ẹ̀rọ kí n tó mu ún nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màá sè é, màá jẹ́ kó tutù, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá wá gbé ìgò náà sí ojú fèrèsé kí n lè wò ó bóyá nǹkan kan ń rìn nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń rìn nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Omi tó ń jáde lára ògiri, tí n kò rí kànga tó ti wá, tí n kò mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ló dé tí màá kàn gbé e sẹ́nu? Nílé wa ní Ìlọrà, mo mọ ẹni tó gbẹ́ kànga wa. Bàbá mi ni. Mo mọ bó ṣe jìn tó, mo mọ òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì mọ ọdún tí a fi sìmẹ́ńtì rọ ẹnu rẹ̀. Omi tí mo mọ̀ nìyẹn, òun náà ni mo sì gbà gbọ́.

N kò ní fi bí mo ṣe dé ibí dá ẹnikẹ́ni lágara. Ọkọ mi ti kú, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ, iṣẹ́ akọ̀wé tí mo ń ṣe ní ilé-ìwé kan ní Fìdítì ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀nà sì là. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni kí n kọ nǹkan sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìfikún, láìyọkúrò.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Àìkíni ni. Ọkùnrin kan ń gbé yàrá tó wà lókè tèmi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, a pàdé lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i, mo sì rọra tẹ orúnkún díẹ̀ nítorí pé ó jù mí lọ. Ó dúró, ó wo ọwọ́ mi bóyá mo fẹ́ tọrọ nǹkan, ó sì yára kọjá. Láti ọjọ́ náà, bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó máa ń dúró kí n kọjá kó tó ṣílẹ̀kùn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kó kọjá. Ọdún kan ààbọ̀ la fi gbé inú ilé kan náà báyìí, tí kálukú wa ń ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa nu ilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Àjà kẹta ni tèmi: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, ilé ìtọ̀ méjì, yàrá mẹ́sàn-án. Inú yàrá tó gbẹ̀yìn ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ta okùn láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì sá aṣọ funfun pélébé pélébé sórí rẹ̀, bí ìgbà tí abiyamọ bá sá aṣọ ìkókó. Òwú ni aṣọ náà, ó fẹ́lẹ́, ó sì dí. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì.

“Ṣé o mọ ohun tí a fi ń ṣe?”

Obìnrin kan ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Òun ló ni yàrá náà. Dókítà Ánnà ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í ṣe dókítà ọsibítù, dókítà ìwé ni. Irun rẹ̀ ti funfun, èso ápù kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Mà. Mo kàn ń wò ó ni.”

“Wò ó dáadáa. Òun la fi ń yọ oògùn apakòkòrò kúrò nínú omi.”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní òwú lásán kò lè mú oògùn dúró. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sínú nǹkan kan tí wọ́n fà yọ lára sítáṣì àgbàdo, kí wọ́n sì yan án nínú ààrò títí nǹkan náà á fi lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan náà dà bí àwọn ife kéékèèké tí ojú kò lè rí. Bí omi bá ń gba inú aṣọ kọjá, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fín sóko á kó sínú àwọn ife náà, omi á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

“Bí àwọn ife náà bá kún ńkọ́?” ni mo béèrè.

Ó gbé ápù kúrò lẹ́nu, ó wò mí. “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í béèrè èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá kún, ọtí líle la fi ń fọ aṣọ náà. Ọtí á tú oògùn sílẹ̀, aṣọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Mo gbà pé ìbéèrè yẹn ló mú kó ní kí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ òun. Láàárín oṣù méjì, èmi ni mò ń gé aṣọ, tí mò ń fọ ìgò, tí mò ń fi ọtí fọ aṣọ tó ti kún. Èmi náà ni mò ń kọ nọ́ńbà aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá kan. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Mo fi okùn sí i, mo gbé e kọ́ ọrùn, mo sì pe Màámi nílé.

“Kọ́kọ́rọ́ ilé ta ni?” ni Màámi béèrè.

“Yàrá iṣẹ́ ni, Màámi. Ibi tí wọ́n ti ń fi aṣọ fọ omi.”

“Wọ́n ń fi kí ni fọ kí ni?”

“Aṣọ ni, Mà. Òun ni wọ́n fi ń fọ omi.”

“Yéè! Àwa ń fi omi fọ aṣọ, àwọn ń fi aṣọ fọ omi.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Ṣá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọ́. Má bá wọn jẹ ìjẹkújẹ.”

Màámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin, Délé, ló ń gbé, nínú ilé bàbá wa. Àgbẹ̀ ni Délé. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan nígbà náà, Ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí àti kànga yẹn ni gbogbo ohun tí mo ń pè ní ilé.

Ní gbogbo ìgbà tí mo ti wà níbí, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi mí. Àwọn òyìnbó á bi mí pé níbo ni mo ti wá. Àwọn ará ilé á bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. N kò rí ẹni tó bi mí pé níbo ni mo wà. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, èmi tí mo wà níbẹ̀ kò sí níbẹ̀, ilé tí mo ń pè kò sì rí mi ju ojú àti ohùn lọ.

Dókítà Ánnà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ nípa ilé. Kí ni àwọn àgbẹ̀ wa ń fín sóko? Ta ló ń tà á fún wọn? Ṣé kànga jìnnà sí oko? Ó ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé rí mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀, ó ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo ronú pé ibi tí wọ́n ti máa dán aṣọ wọn wò ni wọ́n ń wá. Mo rí i lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ kan màá ṣí ìwé wọn, màá bá àwòrán Màámi níbẹ̀, tó gbé ife omi dání, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i nísàlẹ̀. Mo wá sọ fún Dókítà Ánnà pé omi òjò ni à ń mu nílé wa. Irọ́ ni.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ọdún náà, Màámi sọ nǹkan kan bí ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtàkì.

“Omi kànga wa ti ń rùn díẹ̀ báyìí o. Ó ń rùn bí oògùn ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, òórùn náà á lọ.”

Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. “Kí ni Délé ń fín sóko ẹ̀yìnkùlé yẹn?”

“Kẹ́míkà ni. Kòkòrò ti jẹ àgbàdo rẹ̀ run léèmejì. Kí lo fẹ́ kó ṣe?”

Mo ní kó fún Délé ní fóònù. Mo bi í bóyá ó ń fín oògùn lẹ́bàá kànga.

“Èmi kẹ̀? Lẹ́bàá kànga tí ọmọ mi ń mu? Àǹtí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo ń béèrè ni.”

“Ẹ jókòó sí ìlú òyìnbó, ẹ ń gbóòórùn omi Ìlọrà.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọkàn mi. Ó ti yára dáhùn jù.

Obìnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí fẹ́ lọ sílé fún ìsìnkú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi bu omi kànga wa sínú ìgò kan bọ̀. Òun náà wò mí. “Omi? Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe àdúrà ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé èyí rọrùn ju òótọ́ lọ. Nígbà tó gbé e dé, mo fi í sáàárín àwọn ìgò tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Mo kọ “kànga” sí i lára. N kò kọ orúkọ ìlú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Dókítà Ánnà pè mí. Kò mú ápù dání.

“Níbo ni omi yìí ti wá?”

“Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní i.”

“Oògùn apakòkòrò wà nínú rẹ̀, oògùn tí ń pa koríko náà sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀. Ta ló ń mu ún?”

“Kò sẹ́ni tó ń mu ún.”

Kò gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Mo wá béèrè bóyá a lè fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi.

“Rárá,” ó wí. “A kò tíì mọ bó ṣe máa ṣe nínú ilé èèyàn. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó má mu omi náà mọ́. Kó wá omi mìíràn.”

Mo sọ fún ara mi pé mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn “rárá” yẹn. Wọ́n ti rí nǹkan tó dára, wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn títí wọ́n á fi rí ibi tí wọ́n á tà á sí. Ó rọrùn láti sọ pé kí wọ́n wá omi mìíràn. Kànga ẹ̀rọ tó sún mọ́ wa jù wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lókè pátápátá. Ta ló máa máa pọnmi níbẹ̀? Màámi tí orúnkún ń dùn, àbí ìyàwó tó ń pọnmọ?

Mo kó aṣọ mẹ́rin nínú èyí tí wọ́n ti yan tán. Mẹ́rin péré ni, mo kà wọ́n. Níwájú nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìwé ńlá náà, mo kọ “ó ti ya” sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sínú ìwé iṣẹ́.

Aṣọ náà dé Ìlọrà nínú àpò ẹlòmíràn. Mo pe Màámi, mo ní kí wọ́n so ọ̀kan mọ́ ẹnu àmù, kí wọ́n máa da omi sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

“Ìyá Ìdòwú ní ilé kejì ní kí n má gbà á o,” ni Màámi wí. “Ó ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni wọ́n ń fi sínú nǹkan báyìí, kí àwa má baà pọ̀ sí i.”

“Màámi, ọmọ wo lẹ tún fẹ́ bí?”

“Ìyàwó Délé ńkọ́? Ìwọ sọ fún mi, kí ló wà lára aṣọ yìí?”

“Àgbàdo ni. Ara sítáṣì àgbàdo ni wọ́n ti rí ohun tó wà lára rẹ̀. Kò lè ṣe yín ní nǹkan kan.”

“Àgbàdo lásán?”

“Àgbàdo lásán, Mà.”

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. N kò sọ ọ̀rọ̀ ọtí fún un. Diákónì ni Màámi nínú ìjọ. Ọtí kò wọ ilé rẹ̀ rí, ì báà ṣe láti fi nu ojú egbò. Bí mo bá dárúkọ ọtí, á kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Mo ronú pé aṣọ mẹ́rin á tó fún oṣù kan, pé láàárín oṣù kan màá rí ọ̀rọ̀ kànga náà yanjú pẹ̀lú Délé.

Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Délé fúnra rẹ̀ pè mí, ohun tí kì í sábà ṣe.

“Àǹtí, ẹ̀ ń sọ káàkiri pé mo ń da májèlé sínú kànga.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn sọ fún Màámi pé wọ́n rí oògùn nínú omi náà ni.”

“Àwọn wo? Àwọn òyìnbó yín? Ṣé wọ́n dé Ìlọrà ni?” Ohùn rẹ̀ ròkè. “Torí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ni. Ẹ fẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ lè kọ́lé yín síbẹ̀ bẹ́ ẹ bá dé. Ẹ kúkú sọ ọ́ jáde.”

N kò tíì ronú kan ilẹ̀ náà rí. Ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́ tán, mo rí i pé gbogbo ilé ti ronú kàn án, pé bóyá Màámi náà ti ronú kàn án, pé gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè nípa omi, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ohùn wọn. Bí Màámi bá dákẹ́ díẹ̀, mo ń béèrè ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi àti ọkùnrin orí àtẹ̀gùn, èmi àti Dókítà Ánnà, èmi àti àwọn tí a jọ mu ọmú kan: kò sí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ tí n kò fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ sẹ́yìn.

Sátidé kan ni Màámi bẹ̀rẹ̀ ìpè wa pẹ̀lú ìyìn.

“Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ. Aṣọ rẹ yẹn dára! Ògì tí mo sẹ́ lánàá, kò sí èèpo kan nínú rẹ̀. Ó kúnná bí àtíkè.”

“Màámi, ògì wo?”

“Aṣọ ìsẹ́gì mi ló ti gbó. Mo wá mú èyí tí a tú lẹ́nu àmù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo fi sẹ́ ògì. Ṣebí àgbàdo náà ni wọ́n fi ṣe é? Mo ní àgbàdo á mọ àgbàdo.”

Èmi ni mò ń fọ aṣọ wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ pé ọṣẹ àti omi kì í tú ohun tó ti kó sínú wọn sílẹ̀. Ọtí ló ń tú u. Ògì tó ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ti kan, tó ń hó bí ọtí, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, n kò mọ bóyá òun náà lè tú u. Mo kàn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ti dán an wò.

“Ta ló ti mu nínú ògì náà?”

“Ìfẹ́ ni. Ó mu ife kan tán láàárọ̀ yìí. Ó kàn ń bì díẹ̀. Eyín ló fẹ́ hù.”

“Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.”

“Eyín ni mo ní...”

“Màámi, ẹ gbé e lọ báyìí! Ẹ da ògì yẹn nù. Ẹ má da omidùn rẹ̀ fún adìyẹ. Ẹ kó aṣọ náà sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó pa.”

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Bó ṣe máa ń bá àwọn tó ń polówó ọjà láti ojúlé dé ojúlé sọ̀rọ̀ nìyẹn.

“Kí ló wà nínú aṣọ yìí? Ṣebí àgbàdo lásán lo ní.”

Mo pe Dókítà Ánnà ní ilé rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò omi títí dórí ògì, mo sì sọ nọ́ńbà aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìwo ìwé. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó béèrè ọjọ́ orí ọmọ náà, ó béèrè bóyá ó ń gbọ̀n, bóyá itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ka orúkọ àwọn oògùn tí wọ́n rí nínú omi náà fún mi lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọsibítù kíákíá. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní:

“Mo sọ fún ọ pé kí wọ́n wá omi mìíràn.”

“Ẹ sọ ọ́, Mà.”

“Kí lo rò pé mò ń sọ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àwọn oògùn náà ránṣẹ́ sílé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn, mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀ kó tó béèrè fún un. Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dá Ìfẹ́ dúró ní ọsibítù. Èébì náà dúró, ojú rẹ̀ sì là. Dókítà ibẹ̀ ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ògì ni, tàbí omi ni, tàbí eyín gan-an ni. Mo kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Títí di òní, a kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ Délé bóyá kẹ́míkà oko wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: rárá.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n gbé ọmọ délé, mo pè wọ́n lórí fídíò ní ọ̀sán. Délé ló gbé ìpè náà, ó sún mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí nǹkan mìíràn.

“Àǹtí, aṣọ yín fẹ́ pa ọmọ mi.”

“Òótọ́ ni. Mo jí i kó ni, mi ò sì ṣàlàyé rẹ̀ tán fún Màámi. Mo jẹ̀bi.”

Kò retí èyí. “Ẹ ṣá ti gbà. Kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ kànga fún wa mọ́.”

“Délé, fa omi kan nínú kànga náà.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Fa omi. Bu ife kan, kí o mu ún kí n rí ọ. Bó o bá mu ún, mi ò ní dárúkọ kànga yẹn mọ́ láyé mi. Bí o bá sì fẹ́ ìwé lórí ilẹ̀ yẹn, màá fọwọ́ sí i.”

“Ẹ wo Àǹtí o! Ṣé ọmọdé ni mo jẹ́ ni?”

“Bàbá Ìfẹ́, ẹ mu ún.”

Ìyàwó rẹ̀ ni. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, n kò tíì gbọ́ kó dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti Délé rí. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí i. Mo ń gbọ́ mímí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Délé fa omi. Ó bu ún sínú ife onírin kan. Omi náà mọ́ gaara láti ibi tí mo wà. Ó gbé e sókè dé àgbọ̀n, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀. Kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ife náà wálẹ̀, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sì rọra da omi náà sílẹ̀.

“Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń mu omi ọ̀rá láti èṣí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ ní ó tutù ju ti kànga lọ.”

Mo gbọ́ ọ̀pá Màámi lórí sìmẹ́ńtì. “Délé, níbo lo ti ń fọ tánkì oògùn tó o ń gbé kọ́ ẹ̀yìn yẹn?”

“Màámi...”

“Níbo?”

“Ẹ̀bá kànga níbí ni. Omi wà nítòsí, ó ti máa ń rẹ̀ mí. Mo rò pé ilẹ̀ á fà á mu.”

Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo fẹ́ kí ẹnì kan pariwo. Ìyàwó rẹ̀ tẹ fóònù náà pa.

Wọ́n ti gbé páànù bo kànga bàbá mi báyìí, wọ́n gbé òkúta lé e. Ní ti Dókítà Ánnà, oṣù mẹ́rin kọjá kó tó pè mí wọ yàrá náà. Kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe lo aṣọ náà nílé, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, ó sì béèrè bóyá mo gbà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tó kọ. Ó yí ìwé náà sí mi. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ pé “wọ́n lo aṣọ náà fún oúnjẹ.” Mo fagi lé e, mo kọ ọ́ bí a ṣe ń rẹ àgbàdo, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, bí a ṣe ń sẹ́ ẹ, àti ìdí tí ìyá àgbà kan fi lè gbà pé aṣọ tí a fi àgbàdo ṣe kò lè ba ògì jẹ́. Mo kọ orúkọ ìlú wa sí i.

Délé kì í bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo bá pè, Màámi ló máa ń gbé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọlé, mo gbọ́ tí nǹkan wúwo kan balẹ̀.

“Ó ti pọnmi dé láti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì,” ni Màámi sọ fún mi. “Kẹ́ẹ̀gì méjì láràárọ̀, kó tó lọ sóko. Kì í jẹ́ kí ìyàwó bá a gbé e.” Ó wá gbé ohùn sókè. “Délé, ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà lórí fóònù o.”

Mo gbọ́ tó ṣí ìdérí àmù. Mo gbọ́ tí omi ń wọ inú rẹ̀, tí ó kọ́kọ́ ń dún bí ohun tó ṣófo, tí ó wá ń dún kíkún. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kejì. Màámi fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mo ní kó ṣe sùúrù díẹ̀, mo sì gbé fóònù náà mọ́ etí títí ó fi da omi náà tán.